Ọyẹ́ dé, ilé àtijọ́ ń dún: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Pópó
Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti padà sílé ìyá ìyá mi ní Pópó Àgùdà, nítorí owó ilé Lẹ́kkí ti fẹ́ jẹ mí tán. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, bíríkì nísàlẹ̀, pákó lókè, fèrèsé onípákó tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó. Nígbà òjò, ilẹ̀kùn yàrá mi kì í tì, èjìká ni mo fi ń tì í. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti fẹ́, wẹ́rẹ́ ló ń tì, ṣùgbọ́n àlàfo abẹ́ rẹ̀ gba ìka méjì. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé, eruku ń tẹ̀lé e. Bí mo nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán mo lè fi ìka kọ orúkọ mi sí i.

Àmọ́ kí n má parọ́, mo ń gbádùn ẹ̀. Kúbùsù ìyá àgbà, ògì gbígbóná, àkàrà tí wọ́n ń dín nísàlẹ̀ ilé, kò sí fáànù tó ń pariwo. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àtijọ́ l'Érékùṣù tàbí ní Èbúté Mẹ́ta, báwo lẹ ṣe ń bá ọyẹ́ gbé?

Sìsí Yábà
Ọyẹ́ wo l'Ékòó?

Bàbá Kékeré
Ẹ bá mi bi wọ́n. Èmi gbé Jọ́s fún ọdún mẹ́rin. Èyí tí ẹ ń pè ní ọyẹ́ yìí, àwọn ọmọ Jọ́s á wọ síńgílẹ́ẹ̀tì jáde nínú ẹ̀ ni.

Tíṣà Jọ́gíráfì
Ọyẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yẹn ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀, kòtò ńlá kan ní Ṣáàdì tí wọ́n ń pè ní Bodélé ló ti ń gbé e, adágún omi ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí tiwa pẹ́ ni pé afẹ́fẹ́ òkun ń tì í padà. Bí ti òkun bá ti rọ̀ díẹ̀, ti aṣálẹ̀ á wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba Third Mainland láàárọ̀ àná, ṣé ẹ rí omi lábẹ́ yín?

Sìsí Yábà
Tíṣà, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n láago méjì ọ̀sán, òógùn ṣì ń bọ̀ lára mi.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Pópó, o ti jí ohun tó sùn nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, ó gùn díẹ̀, ẹ gbé àga jókòó.

Ilé bàbá bàbá mi ní Èbúté Mẹ́ta. Rélùwéè ni bàbá ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Oṣù kẹwàá ni wọ́n kú. Ọyẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú wọn, gbogbo wa sùn sísàlẹ̀, kò sẹ́nì kankan lókè. Bó bá ti di nǹkan bí aago méjì òru, ẹ̀ẹ́ gbọ́: kẹ́ẹ́... á dúró... kẹ́ẹ́... Láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Kì í ṣe eku o, eku ń sáré ni. Èyí ń rìn, bí ẹni tí orúnkún ń dùn, bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá ṣe ń rìn gẹ́lẹ́! Àǹtí mi tó jẹ́ ti ìjọ aláṣọ funfun gbé òróró wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ààfáà wá. Ìyá mi kàn ń gbé ife omi kan sórí àpótí lókè lálaalẹ́, wọ́n ní òùngbẹ ọyẹ́ ló ń gbẹ wọ́n. Láàárọ̀ omi yẹn á ti dín. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí di oṣù kẹta. Ọjọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, bàbá dákẹ́, a ò gbọ́ wọn mọ́ títí ọyẹ́ mìíràn fi dé.

Àrẹ̀mọ
Mo ń ka èyí nínú òkùnkùn, iná ò sí. Ẹ ò ṣe é re.

Ọ̀gá Káfíńtà
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, ọmọ Èbúté Mẹ́ta lèmi náà, iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti dáhùn ọ̀rọ̀ yín. Igi ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Nígbà òjò á wú, pákó á fún mọ́ra wọn, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn Ọmọ Pópó ò fi tì. Bí ọyẹ́ bá dé, omi yẹn á gbẹ kúrò lára igi, pákó á súnkì, ìṣó á tú díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Ẹ wá wo òrùlé: páànù gbóná lọ́sàn-án, ó tutù lóru, ó ń fà ó ń sún. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló kọ́kọ́ ń tutù, ibẹ̀ á kọ́kọ́ dún, pákó kejì á tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹta, títí dé ilẹ̀kùn. Ìrìn yẹn nìyẹn. Òjò rọ̀, igi wú, ó dákẹ́. Omi inú ife náà, ọyẹ́ ló mu ún.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀gá Káfíńtà, mo gbọ́. Ṣé pákó ń wúkọ́ ni?

Ọ̀gá Káfíńtà
Ẹ ò sọ ti ikọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Mo ń fi í pa mọ́ fún irú yín ni.

Àrẹ̀mọ
Ẹ̀rín pa mí sórí bẹ́ẹ̀dì 😂

Bàbá Kékeré
Ìgbà ọyẹ́, ta ni kì í wúkọ́? Ikọ́ aládùúgbò ni. Ògiri ilé wọ̀nyẹn, bí ẹni ojúlé kejì bá sín, ẹ̀yin lẹ máa sọ pé "á tóó ṣe o".

Ìyá Ìbejì
Ṣọ́ọ̀bù ni ojúlé kejì wa. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í.

Gbénró
Ẹ fi òkú sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká dáhùn ohun tí ọmọ yìí bi wá. Kóòlùpọ́ọ̀tù ni oògùn ọyẹ́. Ẹ kó èédú tó ti pọ́n dáadáa sí i, ẹ gbé e sí àárín yàrá, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ́ sùn bí ọmọ jòjòló.

Nọ́ọ̀sì Lafiaji
Ẹ̀gbọ́n Gbénró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe é o! Ẹ̀yin náà ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, sà. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń ti ara èédú jáde kò lóòórùn, kò láwọ̀, ẹ ò ní í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ipò tó yẹ kí afẹ́fẹ́ rere wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Orí á kọ́kọ́ fọ́ yín, oorun á wá máa kùn yín. Ẹni tó bá sun oorun yẹn lè má jí.

Gbénró
Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn, a ò kú.

Mulika Oko Àwo
Bọ̀dá, àwa fẹ́ẹ̀ kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Èédú tí ìyá mi fi yan ẹja lọ́jọ́ náà ni wọ́n gbé wọlé, nítorí àbúrò mi ò tíì pé oṣù méjì, wọ́n ní kí òtútù má mú un. Lóru, mo ń gbọ́ tí ìyá mi ń pè mí. Mo fẹ́ dáhùn, ẹnu mi ò ṣí. Mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ mi dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Bàbá mi tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ ló fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n tẹ́ gbogbo wa sí ìta lórí ẹní, ní aago márùn-ún ìdájí, bí ẹ̀wà tí wọ́n sá. Àbúrò mi yẹn ti bímọ mẹ́ta báyìí, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ òórùn èédú nínú ilé ẹnikẹ́ni, fèrèsé ni mo kọ́kọ́ ń ṣí kí n tó kí onílé.

Gbénró
Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Mo ti gbọ́. Kúbùsù méjì ni, kóòlùpọ́ọ̀tù ti dìde.

Nọ́ọ̀sì Lafiaji
Ẹ ṣé, sà. Ẹni tó bá sì ní ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde nílé, ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà láti ìrọ̀lẹ́, kó sì máa mu omi dáadáa. Òtútù ń ta irora wọn jí.

Ṣadé Kánádà
Ẹ kú ilé o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ojú ilé ń ro mí. Ilé oko àtijọ́ kan ní Ontario ni èmi àti ọkọ mi kó sí lọ́dún yìí. Sítóòfù onírin la fi ń dáná igi, ọ̀pá èéfín rẹ̀ gba òrùlé jáde, a sì ní ẹ̀rọ kékeré kan lára ògiri tó máa ké bí afẹ́fẹ́ olóró tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn bá wọlé. Òfin ibí ló ní ká ní in. Igi tí a bá là lọ́dún yìí, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn ká tó fi dáná, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Alẹ́ tó bá tutù jù, a kì í ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa pátápátá, à ń jẹ́ kó máa kán tó, tó, tó, nítorí bí omi bá di yìnyín á wú, páìpù á bẹ́.

Ẹ gbọ́ o, pákó tiwa náà ń dún! Ooru sítóòfù ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé, pákó ń súnkì. Ọ̀gá Káfíńtà ò parọ́.

Sìsí Yábà
Àǹtí Ṣadé, kì í ṣe ilé lẹ wà. Fíríìsà ni.

Ìyá Ìbejì
Ẹ bá mi bi í, ṣé pákó tiwọn ń wúkọ́.

Ṣadé Kánádà
Rárá, mà.

Ìyá Ìbejì
Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Alhaji Òkè Pópó
Kò sẹ́ni tó ti sọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Omi táńkì orí òrùlé láago mẹ́fà àárọ̀ ìgbà ọyẹ́, bí abẹ ni. Ṣùgbọ́n kànga wa lágbàlá, ẹ ju dọ́wá sí i, ẹ fà á sókè, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń tutù, ilẹ̀ kò mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Àwọn ọmọ mi ń fi omi táńkì wẹ̀, wọ́n ń ké. Èmi ń fi ti kànga, mò ń kọrin. Kànga ṣe nǹkan l'Ékòó o. Ilé àwọn da Rocha ní Kakawa, kànga ló sọ ọ́ di Ilé Omi, wọ́n ń ta omi fún ará ìlú kí omi ẹ̀rọ tó ti Ìjù dé ní 1915.

Ọmọ Kámpọ́ọ̀sì
Ilé Omi ṣì dúró, ẹ dúpẹ́. Ilojo Bar ní Tinúbú ń kọ́? Wọ́n kọ́ ọ ní 1855, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o ní 2016. Mo kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo mú bíríkì kan. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Bàbá Kékeré
Ẹni tí kì í san owó àtúnṣe ló máa ń sunkún ilé àtijọ́. Ẹ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta ìròkò tó gbẹ lónìí. Àwọn mọ̀lẹ́bí ogójì, ẹni mẹ́ta ní ń dáwó, ogójì ní ń dìbò.

Alhaji Òkè Pópó
Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Àrẹ̀mọ
Kí ni Àgùdà gan-an? Ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Ọmọ Kámpọ́ọ̀sì
Àwọn tó ti Bràsíìlì àti Kúbà padà wá lẹ́yìn oko ẹrú ni. Kátólíìkì pọ̀ nínú wọn, orúkọ wọn wá di orúkọ ìjọ. Wọ́n mọṣẹ́ bíríkì àti igi débi pé Àgùdà kan, João da Costa, wà lára àwọn tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Sìsí Yábà
Ta ló ní òrí tó dáa? Gìgísẹ̀ mi ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá Kékeré
Ọyẹ́ wo l'Ékòó? 😂

Ọmọ Pópó
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Lóru àná, nǹkan bí aago mẹ́ta, ó dún. Mo kà á, ẹsẹ̀ mẹ́fà, láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ mọ́, mo pe màmá mi pé mo fẹ́ kí Ọ̀gá Káfíńtà wá bá wa kan pákó òkè. Wọ́n ní kó kan gbogbo ẹ̀, àfi pákó kejì sí àtẹ̀gùn. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní pákó yẹn ni ìyá àgbà fi ń mọ ẹni tó bá ń yọ́ wọlé lóru, òun ló mú bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó wá tọrọ màmá mi.

Ọ̀gá Káfíńtà
Sátidé dáa fún mi. Màá fo ìkejì yẹn.

Ìyá Ìbejì
Ọmọ Pópó, lẹ́yìn ẹsẹ̀ mẹ́fà yẹn, ṣé o gbọ́ ikọ́?

Ọmọ Pópó
Mi ò dúró gbọ́, mà. Mo ti fa kúbùsù borí.