Orin mi wà lẹ́nu àwọn ọmọ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀rọ̀ kọ mọ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Orin kíkọ sílẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Èmi kọ́ ni mò ń gùn orí ìtàgé o. Èmi ni mo máa ń wá ọ̀rọ̀ àti ohùn fún àwọn tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ báyìí. Mọ̀ọ̀rè nílùú Ifẹ̀ ni mò ń gbé, nínú yàrá kan tí mo fi fóòmù àlòkù dí ògiri rẹ̀ kí ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé má baà kó sínú máìkì mi. Prodúsà á fi bíìtì, ìyẹn orin tí kò tíì ní ọ̀rọ̀, ránṣẹ́ láti Èkó, màá ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, màá máa kùn tẹ̀ lé e títí ohùn kan á fi wọ̀ mí lára, lẹ́yìn náà ni màá wá ọ̀rọ̀ tí mo lè kó sínú rẹ̀. Tí mo bá ti gbà á sílẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, wọ́n á sanwó, ó di gbére nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ orin ìfẹ́ kan. Gbólóhùn tó di gbogbo rẹ̀ mú ni "Ìwọ ni ìlù tí mo ń jó sí." Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi wá a. ₦150,000 ni wọ́n fún mi, a kò tọwọ́ bọ ìwé kankan. Orin náà jáde, ó gba ìgboro kan. Orúkọ olórin wà níbẹ̀, ti prodúsà wà níbẹ̀, tèmi kò sí.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Lágere, mò ń lọ sí Sábó. Àwọn ọmọ iléèwé tí a jọ jókòó lẹ́yìn ń kọ ọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ: "Ìwọ ni ìlú tí mo ń jó sí." Ìlú! Olórin ti gbé ohùn ibẹ̀ lọ sókè, ìlù tí mo fi ọjọ́ mẹ́rin wá ti di ìlú lẹ́nu àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n yíjú sí wọn kí n ní èmi ni mo kọ ọ́, pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe wà. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n tí wọ́n á fi gbà? Mo sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé Sábó, mo sì sunkún lẹ́bàá títì.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti gbẹ lẹ́nu mi. Àwọn kan náà tún ti dé: orin mẹ́fà kí oṣù yìí tó parí, ₦200,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ pé èmi ni mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí ègbè tètè wọlé, kí àwọn èèyàn lè gé e sínú fídíò kékeré orí fóònù. Ohùn ń wá. Ọ̀rọ̀ kò wá. Màá kọ ìlà kan, màá pa á rẹ́, ilẹ̀ á mọ́ bá mi níbẹ̀. Ọjọ́ owó ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ìyá mi ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ iléèwé.

Ṣé kí n gba owó wọn? Ṣé ẹ̀tọ́ kankan ṣì kù fún mi lórí orin ti àkọ́kọ́ yẹn? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, kí lẹ máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá gbẹ?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Orin yẹn ni àwọn ìbejì mi fi ń jó nílé, ìlú ni wọ́n ń wí lóòótọ́. Mo ti tún un ṣe fún wọn láàárọ̀ yìí. Jọ̀wọ́, máa jẹun o, kí o sì sùn. Ọpọlọ tí kò sùn kò lè bímọ kankan.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Àbúrò, ní Iléṣà níbí ni sítúdíò tèmi wà, ọ̀nà Ìmọ̀. N kò ní tàn ọ́. Gba owó náà. Ẹ mọ̀ pé òṣómàáló ni wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà, nítorí àwọn bàbá wa a máa tajà láwìn, tó bá dọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn. Èmi náà lóṣòó. Ìpín ìdá mẹ́rin ni wọ́n kọ fún mi lórí orin kan, mo dúró dè é fún ọdún mẹ́ta, ohun tó wọlé kò ra epo tí mo dà sínú jẹnẹrétọ̀ lóru tí a ṣe orin náà. Owó ọwọ́ ni owó. San owó ilé ná.

Agbẹjọ́rò kan: Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà, mo gbọ́ yín, òótọ́ sì ni pé owó ìpín máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí arábìnrin yìí mọ ohun tó ń tà kó tó tà á.

Inú orin kan ṣoṣo, ohun ìní méjì ló wà. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn. Èkejì ni ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹni tó ni ti sítúdíò ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ń wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ìdí tí owó ẹ̀gbọ́n fi kéré nìyẹn. Ti orin fúnra rẹ̀ ni tiyín, ẹ̀yin àti prodúsà tó bá bá yín dá sí ohùn rẹ̀. Lábẹ́ òfin kọpiráìtì ti Nàìjíríà, òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, ti ọdún 2022, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ìbáà sanwó fún un kó tó kọ ọ́, àyàfi tí àdéhùn orí ìwé bá sọ ohun mìíràn. Kò sì sí ẹni tó lè ní ẹ ti gbé e fún òun pátápátá láìsí ìwé. Ẹ ní ẹ kò tọwọ́ bọ̀wé. Nítorí náà, ₦150,000 yẹn kò ra orin náà tán. Ẹ̀tọ́ yín wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé yín, ó tún wà fún àwọn ọmọ yín fún 70 ọdún lẹ́yìn yín.

Ẹ má pa ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ rẹ́, ẹ má sì pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wọn sọ lórí WhatsApp rẹ́, pàápàá èyí tí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Ẹ fi orúkọ orin náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN tó ń bá àwọn olórin gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo orin wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí olórin náà àti prodúsà rẹ̀. Ẹni tó gbé orin sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń kọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ó sì ṣeé tún ṣe lẹ́yìn tí orin bá ti jáde. Orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí yín ni kí ẹ fún wọn, kì í ṣe ìnagijẹ.

Ti orin mẹ́fà yìí, ojú ìwé kan péré ti tó: orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan, ìpín rẹ̀, ìbuwọ́lùwé. Kí ẹ ṣe é kí ohùn yín tó kúrò lórí fóònù yín.

Bàbá Rédíò: Ohun tí ìyá rẹ wí kì í ṣe èébú o. Ní Amẹ́ríkà, Carole King àti ọkọ rẹ̀, Gerry Goffin, ń kọ orin fún àwọn ẹlòmíràn láti ọ́fíìsì kan ní 1650 Broadway ní New York, yàrá tóóró tí dùùrù kan gbà tán. Iṣẹ́ kẹ́míkà ni Goffin ń ṣe lójúmọmọ títí orin wọn kan fi gba ipò kìíní níbẹ̀rẹ̀ 1961. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìyẹn ni kí o dì mú.

Àyàn: Ọmọ mi, àwọn tó ṣáájú mi ti sọ ti owó. Èmi fẹ́ sọ ti ìlù tó di ìlú, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ ti gbẹ.

Mo gbé ìyáàlù mi sọ́rùn lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo lu gbólóhùn náà. Dò re re dò dò, mí re mí mí mí. Wo bó ṣe rí: "ìlù" wà nílẹ̀ pátápátá, dò dò, "tí" tó tẹ̀ lé e sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Olórin tó bá ń kánjú á ti máa gòkè kó tó dé "tí", á sì fa "lù" lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ bà á jẹ́, ibẹ̀ ló ń yọ̀. Tí mo bá fún ọṣán mọ́ra kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ìlù tèmi náà á wí ìlú. Ká ní o sọ pé "Ìwọ ni ìlù, ìlù tí mo ń jó sí", etí á ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì nílẹ̀ kí ohùn tó gòkè. Tàbí kí o fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn "ìlù", kí gángan dá a lóhùn.

Nísinsìnyí, ohun tó ń dùn mí. O ní bíìtì ló máa ń kọ́kọ́ dé, ìwọ á kùn, lẹ́yìn náà ni o máa ń wá ọ̀rọ̀. Aṣọ ni ò ń rán kí o tó wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Èdè wa kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn orin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ohùn òyìnbó gbé Yorùbá, títí dòní a ń pe ọ̀rọ̀ ní òdìkejì nínú wọn, a sì ń ṣe àmín. O ti ṣe é fún ọdún mẹ́jọ nítorí etí rẹ dára. Ó ti wá rẹ̀ ẹ́.

Gbé bíìtì wọn tì. Lọ sí ọjà Odò-Ogbè lówùúrọ̀, má gba nǹkan sílẹ̀, ṣáà máa gbọ́. Ẹni tó ń polówó "Láńgbé jinná o" kò ní bíìtì kankan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló bí ohùn rẹ̀. Tí gbólóhùn kan bá tẹ̀ lé ọ wálé, mú un wá, màá lù ú fún ọ. Ohun tí ìlù bá wí, ìyẹn ni olórin á kọ.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá Àyàn, mo ka tiyín, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ló ń yọ̀. Inú tó ti ń bí mi sí olórin yẹn rọ̀ díẹ̀. Mo ti kọ lẹ́tà náà lónìí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Agbẹjọ́rò, mo lọ wo ìwé tèmi. Ìpín ohun tí a gbà sílẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. A kò dárúkọ orin fúnra rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kọ ìlàjì ohùn rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, màá bá yín sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fèsì. Wọ́n ní àwọn á fi orúkọ mi kún orin ti àkọ́kọ́, ó sì ti hàn láti àná. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ti owó, a ṣì ń fà á. Nínú mẹ́fà, méjì ni wọ́n gbà kí n buwọ́ lùwé lé lórí, mo gba méjèèjì, mo dá mẹ́rin padà. Owó ilé kò tíì pé, àmọ́ onílé gbà kí n san án ní ìlàjì.

Mo lọ sí Odò-Ogbè nígbà mẹ́rin. Ní ìgbà kẹrin, ìyá kan tó ń di ata sínú ọ̀rá fún oníbàárà ní, "Mú u lọ ná, ojú rẹ ti sanwó." Mo gbé e wálé lẹ́nu bí ẹni gbé omi. Bàbá Àyàn, ṣé mo lè wá lọ́jọ́ Sátidé? Àárọ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́?

Àyàn: Ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kí o mú wá, fi fóònù sílé.