Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ríṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ṣáínà, ọdún kan ni kọ́ńtíráàtì ẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò wọ bàálù rí láyé mi. Mo ní dìgírì, mo ti ṣe kọ́ọ̀sì TEFL oníwákàtí 120 (ìyẹn kọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè wọn ní Gẹ̀ẹ́sì), ìyẹn ò dà mí láàmú. Físà ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹni tó ń bá mi ṣètò ẹ̀ ní kí n fi físà ìrìn-àjò afẹ́ wọlé ná, tí mo bá ti débẹ̀ àwọn á bá mi yí i padà, èmi sì mọ̀ pé físà Z ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ò ti ń rùn báyìí? Mo bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín ló ń fi ránṣẹ́ sí mi.

Màmá mi ò ní kí n má lọ o, àmọ́ látìgbà tí mo ti gbé àpótí jáde, súwẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ká, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un ká.

Ẹni tó bá ti lọ rí, ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni, àbí kí n ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ iṣẹ́ ránṣẹ́ kí n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì.