Windows nìkan ló ń jáde lẹ́yìn update: ọ̀nà wo ni mo lè gbà rí Ubuntu mi padà?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ṣómólú, kọ̀ǹpútà HP kan ṣoṣo ni mo sì ń lò fún ohun gbogbo. Windows 11 ni mo fi ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó, nítorí pé CorelDRAW kò ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, Ubuntu 24.04 ni mo sì fi ń kọ́ iṣẹ́ kóòdù lálẹ́, nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti lọ. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá tan kọ̀ǹpútà náà, ojú dúdú kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde tí yóò béèrè èyí tí mo fẹ́ nínú méjèèjì. Lẹ́yìn tí Windows ṣe update ńlá kan láìpẹ́ yìí, ojú dúdú náà kò jáde mọ́, inú Windows ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀ tààrà.

Mo gbé e lọ bá ẹnjiníà kan ní Computer Village, Ìkẹjà. Ó wọ inú BIOS, ìyẹn ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, ó pa Secure Boot tó jẹ́ ààbò ìgbéra rẹ̀, ó sì tún un tàn, ni ojú búlúù kan bá jáde tó ń béèrè nọ́ńbà BitLocker, ìyẹn ètò tí Windows fi ń ti dísíkì pa, nọ́ńbà tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní. Ẹnjiníà náà ní àfi kí òun fọ gbogbo dísíkì náà nù kí òun sì fi Windows tuntun sí i. Mo gba kọ̀ǹpútà mi, mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà nínú Windows, gbogbo ohun tí mo ti kọ wà nínú Ubuntu, n kò sì lè fi ọ̀kan ra èkejì. Ṣé Ubuntu náà ṣì wà níbẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè rí méjèèjì padà láì fọ nǹkan kan nù?

Ẹ̀gbọ́n Yábàá

Ẹ pẹ̀lẹ́, Atẹ̀wé, ẹ kú wàhálà. Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó dára tí ẹ gba kọ̀ǹpútà yín kó tó di pé wọ́n fọ̀ ọ́ nù. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, n kò rí ohun tó fi hàn pé fáìlì kan sọnù.

Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 11 lọ́nà tó yẹ, UEFI, irú BIOS ti òde òní, ló fi ń gbéra. Ìpín kékeré kan wà lórí dísíkì tí wọ́n ń pè ní EFI System Partition, inú rẹ̀ ni fódà kan wà tó ń jẹ́ Microsoft àti òmíràn tó ń jẹ́ ubuntu. Lára motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ àkójọ orúkọ sí, èyí tí kọ̀ǹpútà ń wò láti mọ èwo ni yóò kọ́kọ́ pè. Nígbà míràn, update Windows máa ń gbé orúkọ tirẹ̀ sí òkè àkójọ yìí, kì í sì í fọwọ́ kan ìpín tí Ubuntu wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń bá ara yín nínú Windows tààrà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ BitLocker ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun nìkan ló lè dá òfò gidi sílẹ̀ nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí. Ẹ̀yà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ TPM, òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ dísíkì Windows, kì í sì í yọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá rí i pé ètò BIOS ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ti dísíkì náà pa. Pípa tí ẹnjiníà yẹn pa Secure Boot ló fa ojú búlúù yẹn. Ẹ padà sínú BIOS, kí ẹ tan Secure Boot padà, kí ẹ má sì fọwọ́ kan ohun mìíràn níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, Windows yóò ṣí láìbéèrè nǹkan kan. Bí ó bá ṣì ń béèrè, nọ́ńbà náà jẹ́ ẹyọ 48, ó sì sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ Windows náà. Ẹ lè fi fóònù yín wọ aka.ms/myrecoverykey, kí ẹ wo Key ID tó wà lójú búlúù náà, kí ẹ sì mú nọ́ńbà tí Key ID rẹ̀ bá a mu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà yẹn kan náà o! Dísíkì tí BitLocker tì, kò sí ẹni tó lè ṣí i ní ọjà láìní nọ́ńbà yìí, bó ti wù kí ó fọ́nnu tó.

Tí Windows bá ti ṣí, ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá. Bí ẹ ṣe ń tàn án, ẹ máa tẹ F9 léraléra, nítorí HP ni tiyín. F12 ni ti Dell, Lenovo àti Acer ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àkójọ kan yóò jáde. Ẹ wò ó bóyá ubuntu wà nínú rẹ̀, kí ẹ yàn án, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí fún wa gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti kọ ọ́.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo tan Secure Boot padà, Windows sì ṣí láìbéèrè nọ́ńbà kankan. Mo ti rí nọ́ńbà náà nínú àkáǹtì mi, mo sì ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó ṣọ́ọ̀bù. Mo tẹ F9, ubuntu wà nísàlẹ̀ Windows Boot Manager, mo yàn án, ojú dúdú tí mo mọ̀ jáde, gbogbo fáìlì mi sì wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé tí n kò bá tẹ F9, Windows náà ló tún ń wọ̀.

Ìyá Kóòdù, Sùúrùlérè

Mo kí yín, ẹ̀yin tó ṣáájú. Atẹ̀wé, níwọ̀n ìgbà tí Ubuntu ti ṣí, inú rẹ̀ ni ẹ ti lè tún àkójọ náà tò. Ẹ ṣí tẹ́míná, kí ẹ kọ:

sudo efibootmgr

Ẹ óò rí àwọn ìlà bíi Boot0000 tó jẹ́ ti Windows àti Boot0003 tó jẹ́ ti ubuntu, pẹ̀lú ìlà BootOrder lókè wọn. Nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ lò. Bí ó bá rí bí àpẹẹrẹ mi, ẹ kọ:

sudo efibootmgr -o 0003,0000

Bí nọ́ńbà mìíràn bá wà nínú BootOrder, ẹ kọ wọ́n tẹ̀lé e kí wọ́n má baà jábọ́. Àwọn HP kan wà tí kì í ka àṣẹ yìí sí, tí yóò tún gbé Windows sókè bí ẹ bá ti tún un tàn. Tí tiyín bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ F10 láti wọ BIOS, ẹ lọ sí Boot Options, ẹ wá OS Boot Manager lábẹ́ UEFI Boot Order, kí ẹ tẹ Enter lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ óò ti lè gbé ubuntu sí òkè.

Fún ẹlòmíràn tó bá ka èyí tí kò sì rí ubuntu rárá nígbà tó tẹ F9 tàbí F12: fúláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ ni kí ó fi tan kọ̀ǹpútà, kí ó yan Try, kì í ṣe Install. Àṣẹ lsblk -f yóò fi àwọn ìpín hàn. Ext4 sábà máa ń jẹ́ ti Ubuntu, vfat kékeré ni ti EFI. Ká ní nvme0n1p5 ni Ubuntu, tí EFI sì jẹ́ nvme0n1p1, ohun tí yóò kọ nìyí:

sudo mount /dev/nvme0n1p5 /mnt
sudo mount /dev/nvme0n1p1 /mnt/boot/efi
for d in dev proc sys run; do sudo mount --rbind /$d /mnt/$d; done
sudo chroot /mnt
grub-install
update-grub

Kí ó yẹ nọ́ńbà ìpín wò dáadáa kó tó tẹ Enter, kí iná ọba má sì jẹ́ òun nìkan tí yóò gbójú lé bí bátìrì kọ̀ǹpútà bá ti kú. N kò fẹ́ràn àwọn ètò tí wọ́n ní àwọn yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú bọ́tìnì kan, nítorí pé ẹni tó lò wọ́n kì í mọ ohun tí wọ́n yí padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akoka

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ìdàkejì ni tèmi: Debian 12, Linux mìíràn bíi Ubuntu, ni mo fi sí ẹ̀gbẹ́ Windows, ojú GRUB, ìyẹn ojú dúdú tó ń béèrè èyí tí a fẹ́, ń jáde, ṣùgbọ́n Windows kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti fọ̀ ọ́ nù.

Ìyá Kóòdù, Sùúrùlérè

Àbúrò, tẹ F12 kí o wo àkójọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Bí Windows Boot Manager bá wà níbẹ̀ tó sì ṣí, kò sí ohun tó ṣe é. Láti GRUB 2.06, tó jáde ní ọdún 2021, ni wọ́n ti dá os-prober dúró nítorí ààbò, òun sì ni ètò tó ń wá Windows kiri lórí dísíkì. Fi os-prober sórí rẹ̀ bí kò bá sí, ṣí fáìlì /etc/default/grub, kí o fi ìlà yìí kún un:

GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false

Lẹ́yìn náà, kọ sudo update-grub. Bí o bá rí i tó kọ Found Windows Boot Manager, tún kọ̀ǹpútà tàn, yóò jáde nínú àkójọ.

Ẹ̀gbọ́n Yábàá

Atẹ̀wé, ohun méjì ṣì kù nínú tiyín. Ẹ pa Fast Startup nínú Control Panel, lábẹ́ Power Options, nítorí tí ó bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán nígbà tí ẹ bá pa á, Ubuntu kò sì ní lè kọ nǹkan sórí ìpín Windows. Èkejì, aago Windows lè máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti inú Ubuntu bọ̀. Ubuntu ń tọ́jú aago motherboard sí UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, Windows sì ń kà á bí ẹni pé aago Èkó ni, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan ni Èkó fi ṣíwájú UTC ní gbogbo ọdún. Nínú Ubuntu, ẹ kọ:

timedatectl set-local-rtc 1

Yóò kìlọ̀ fún yín pé kò dára tó, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí a kì í yí aago padà ní Nàìjíríà, kò ní yọ yín lẹ́nu.