Àwọn ìyá amọ̀kòkò Dàda: ibo la ti lè rí owó bá wọn ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè – Olùkọ́ Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Yunifásítì ìjọba ni mo ti ń kọ́ni. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dàda, ní Òkèlele, nílùú Ìlọrin. Mo fẹ́ ká fi fídíò gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀ láti orí amọ̀ títí dé inú iná. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà wọn, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ni yóò bá wa ṣe òrùlé?" Òjò ń ba ìkòkò tútù wọn jẹ́. Ibo ni mo ti lè rí owó fún méjèèjì?

Èsì – Ìyá Ìbejì

Olùkọ́, ẹ kú akitiyan. Iṣẹ́ méjì lẹ ní lọ́wọ́, àpò méjì ni yóò gbé e. Ẹni tó ń fowó sí fídíò kò ní ra páànù.

Ti fídíò, ẹ wo Endangered Material Knowledge Programme, ètò owó ìrànwọ́ ti British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. 2018 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Arcadia, àjọ aláàánú kan, ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń fọwọ́ ṣe nǹkan gan-an ni wọ́n ń wá. Ẹ kọ bí ìyá ṣe ń ku eérú sí ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n ń lu amọ̀ lé e, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń yí i po. Bí wọ́n ṣe ń wọ́n omi èèpo èso igi irú sí i nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde. "Àṣà wa ń kú lọ" nìkan kò tó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ń kó àwọn fídíò náà sí fún gbogbo ayé, torí náà ẹ sọ fún àwọn ìyá kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Ohun tí wọn ò bá fẹ́ kí àjèjì rí, ẹ má yà á.

Ti òrùlé, ilé-iṣẹ́ aṣojú Japan ní Àbújá ní owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìlú. Wọn kì í fún ẹnì kan ṣoṣo, wọn kì í fi san owó oṣù. Ẹgbẹ́ ló ń béèrè.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn rèé. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, a rí irú owó yìí gbà níbòmíràn. Mo kọ owó epo, mo kọ owó kámẹ́rà, mi ò kọ kọ́bọ̀ fún àwọn ìyá. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi dúró tì wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ mi, ẹ ti gba ọjọ́ ọjà lọ́wọ́ wa." Títí dòní ló ń dùn mí. Owó ọjọ́ iṣẹ́ wọn ni kí ẹ kọ sí ìlà kìn-ín-ní.

Èsì – Ọmọ Òkèlele

Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ má gbàgbé TETFund náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fowó ran ilé-ìwé gíga ìjọba lọ́wọ́. Owó IBR wọn (Institution-Based Research, owó ìwádìí tó ń gba ọwọ́ ilé-ìwé), ọ́fíìsì ìwádìí ilé-ìwé yín lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ṣe ìwádìí kékeré, kí ẹ lè ní nǹkan tí ẹ ó fi han Lọ́ńdọ̀nù.

Olùkọ́ Ìlọrin

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Mo padà lọ lánàá. Ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ, kò ní ìwé. Ìyá àgbà ní àwọn yóò bá mi lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí n ṣáà má wá lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sun ìkòkò.