“Ọ̀dáfun” kọ́ o: ẹ̀jẹ̀ kì í gbẹ nínú ìfun nígbà tí ṣúgà bá wálẹ̀

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Oǹdó dá ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: “àtọ̀rẹlẹ̀”, fún kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀; “ọ̀dáfun”, fún ohun tí wọ́n ní ó ń bá ìfun lásìkò náà, pé ẹ̀jẹ̀ á gbẹ níbẹ̀ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo dọ̀bálẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n méjèèjì ò dúró.

Tọ̀ inú àtọ̀gbẹ kì í ṣe ṣúgà. Ìtọ̀ ni. Ẹni tó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi gbẹ ni àwọn àgbà rí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wá gé “àtọ̀” sọ́tọ̀, ẹ lẹ “rẹlẹ̀” mọ́ ọn. Ẹ pè é ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, kí ẹ wo bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe máa rẹ́rìn-ín: àtọ̀ ọkùnrin ni wọ́n máa gbọ́! “Àìtó ṣúgà” sàn jù ú lọ, bí ẹ bá lè ṣọ́ ohùn rẹ̀ àti àmì ìdí rẹ̀, torí àìtọ́ jẹ́ nǹkan míì, àìtọ̀ náà sì tún yàtọ̀.

“Ọ̀dáfun” gan-an ló ń bí mi nínú, torí irọ́ ni. Lóòótọ́, ẹni tí ejò ń lé, ẹ̀jẹ̀ á kúrò ní ìfun rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Tí ṣúgà bá wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL, ara á tú adrenaline àti glucagon jáde, èròjà inú ara tó ń gbé ṣúgà padà sókè. Adrenaline kì í bá gbogbo iṣan ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀ kan náà: ó ń fún ti awọ ara, àtẹ́lẹwọ́ á tutù, ti ìfun, ó ń tú u. Glucagon náà ń tú u. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìfun á wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn ti fún èèyàn ní insulin, tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wo iṣan náà, wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀. Ó mọ́gbọ́n wá: nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀, ọ̀dọ̀ ìfun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ló ti ń bọ̀, inú ẹ̀dọ̀ sì ni ṣúgà ìpamọ́ wà. Agbẹ̀du náà á tètè tú ohun inú rẹ̀ sínú ìfun.

Propranolol, egbòogi ẹ̀jẹ̀ ríru, ló ń di ọ̀nà tí adrenaline ń gbà tú iṣan ìfun. Ó tún ń bo àyà tó ń lù kìkì àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n mọ́lẹ̀, àmọ́ kì í bo òógùn. Ẹni tó ń lò ó pẹ̀lú insulin, òógùn ni kí ará ilé rẹ̀ máa ṣọ́.

Tí ṣúgà ẹnì kan bá wálẹ̀ tó ṣì lè gbé nǹkan mì, gíráàmù ṣúgà 15 ló tó: ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin nínú omi, tàbí mílílítà 150 mínírà, kì í ṣe èyí tí kò ní ṣúgà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí kò bá tíì tó 70, ẹ tún un ṣe. Àkàrà kọ́ o, òróró rẹ̀ ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, kó má baà gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ilé ìwòsàn ni.

Ohun tí mo fẹ́ ká máa sọ ni “ẹ̀jẹ̀ ya wọ ìfun”.

Èsì láti Oǹdó:
Àbúrò, mo gbà pé irọ́ ni ọ̀dá. Àmọ́ “ya wọ” ti omíyalé ni! Ẹni tó bá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ya wọ ìfun, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló máa rò. “Ẹ̀jẹ̀ ń yà sí ìfun” ni, bí àlejò ṣe ń yà síni.

Èsì:
Ẹ̀gbọ́n, àlejò tó yà síni kì í pẹ́, á tún máa lọ. Ẹ̀yin náà sì jẹ wá ní ohùn ìsàlẹ̀ ìfun: ọ̀dáàfun ló yẹ kẹ́ ẹ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.