Ṣé torí owó orí ni wọ́n ṣe fẹ́ kà wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìkànìyàn, ẹ wá o

Àwẹ̀ró_Aṣerò:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará. Níbi mítìn lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé àdúgbò wa lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ ìkànìyàn sílẹ̀, alága wa ní ìgbàkígbà tí wọ́n bá dé, kí oníkálukú sọ iye èèyàn tó wà nílé ẹ̀ dáadáa. Ni bàbá kan bá dìde fùú, ó ní òun ò ní sọ iye ọmọ òun fún ẹnikẹ́ni, pé owó orí ni wọ́n fẹ́ fi gbà, pé nọ́ńbà tí wọ́n fi máákà kọ sára géètì òun níjọ́sí gan-an òun ti fi ọ̀dà kùn ún pa. Àwọn kan tún pàtẹ́wọ́ fún un o! Mo délé mo ròyìn fún màmá mi, kí wọ́n bá mi bú u, wọ́n ní bàbá yẹn ò jẹ̀bi, ṣé mi ò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni.

Ìbéèrè mi rèé. Kí gan-an ni wọ́n ń kà, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀ẹ̀kejì, a ti gba NIN, a ti ṣe BVN, a ní káàdì ìdìbò, símù fóònù gan-an wọ́n ní ká so ó mọ́ NIN, ṣé gbogbo ìyẹn ò tíì tó tí wọ́n á tún fi máa wọlé onílé? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Tíṣà_Àdìgbẹ́:
Àbúrò, mo wà lára àwọn tó kànìyàn ní oṣù kẹta 2006, 21 sí 27, àwa tíṣà pọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún nígbà yẹn. Jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún ẹ.

Gbogbo ẹni tó bá wà nínú ìlú láàárín ọjọ́ tí wọ́n bá dá ni wọ́n máa ń kà, àgbà, ọmọ tí wọ́n bí lánàá, onílé, àlejò, ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ẹni tó wà ní ọsibítù, títí kan ẹni tó ń sùn sí ìsọ̀ lọ́jà. Kó tó di ọjọ́ náà wọ́n á ti gé gbogbo ìlú sí wẹ́wẹ́, kí tiwa má baà wọ ti ẹlòmíì. Nọ́ńbà tí bàbá yẹn kùn pa, kò kan owó orí rárá, òun la fi ń mọ̀ pé a ò fo ilé kankan, a ò sì ka ilé kan lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá ti kùn ún pa, kò parẹ́ lórí máàpù o, ó kàn fi làálàá kún ti àwọn tó ń bọ̀ ni.

Iye èèyàn nìkan kọ́ la máa ń kọ. Ọkùnrin àbí obìnrin, ọjọ́ orí, kí lẹ jẹ́ sí olórí ilé, ẹ kàwé dé ibo, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, omi wo lẹ ń mu, ilé ìyàgbẹ́ yín ńkọ́, igi lẹ fi ń dáná ni àbí kẹrosíìnì. Ní 2006 a ò bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn ẹ̀, a ò bi í ní ẹ̀yà ẹ̀, wọ́n yọ ìyẹn kúrò torí ìjà.

Ọ̀rọ̀ màmá yín yẹn, a kọ́kọ́ rí i lójú. Tó o bá bi ìyá kan pé “ọmọ mélòó lẹ bí?” á ní “Ọlọ́run ló mọ iye wọn”, ó parí nìyẹn, ilẹ̀kùn ti pa dé. Ìgbà tó yá a ò bi ẹnikẹ́ni ní mélòó mọ́. A kàn máa ń ní “Màmá, ta ló sùn síbí lánàá?” Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, Rísí ni, Múyì ni, àwọn Ìbejì, ọmọ Rísí tó wá lo họ́lídé, àwa sì ń kọ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ò ka ọmọ, ìjọba sì rí iye tó ń wá.

Ibi tó nira jù ni ọjọ́ orí. Ìyá àgbà kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, ní òun lè jẹ́ ọgọ́rin, òun sì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ká kọ èyí tó bá wù wá. Wọ́n ti kọ́ wa pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú ni ká fi wá a, ni mo bá bi wọ́n pé ìgbà tí àwọn obìnrin ń bá Aláké jà nítorí owó orí, ṣé wọ́n ti gbọ́njú? Wọ́n ní ah, àwọn ti ń gbé igbá aró kékeré tẹ̀lé ìyá àwọn. 1947, 1948 nìyẹn, ọmọ tó bá lè gbé igbá á ti tó bí ọdún méje mẹ́jọ, ẹ ẹ̀ rí i pé màmá ò tíì pé ọgọ́rin, wọn ò tiẹ̀ tíì pé àádọ́rin! Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ogójì, àádọ́ta, ọgọ́ta ni wọ́n máa ń pè ṣáá, kò sẹ́ni tó máa ń jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Nọ́ọ̀sì_Ọbáńtókò:
Ẹ ṣé tíṣà wa. Èmi á dáhùn “kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe” torí ojoojúmọ́ ló ń jẹ mí níyà lẹ́nu iṣẹ́.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé ni mo wà. Iye ọmọ tó yẹ ká fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n máa ń ti òkè kọ ọ́ wá ni. Ibo ni wọ́n ti rí i? Iye tí wọ́n kà ní 2006 ni wọ́n mú, wọ́n wá ń fi ìdá mẹ́ta lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kún un lọ́dọọdún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ọbáńtókò ní 2006, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ṣé bó ṣe rí rèé? Àwọn tí owó ilé lé kúrò l'Ékòó, àwọn tó ń kọ́lé, ayálégbé, gbogbo wọn ló ti ya wá síbí. Ìṣirò yẹn ò mọ̀ pé ilé ti dé orí àpáta. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ èéyi á tán kí oṣù tó parí, àwọn ìyá á jókòó lórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ kí n tó sọ fún wọn pé ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tá a bá sì kọ rìpọ́ọ̀tù, á gbé e pé a ti fún ọmọ tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbà mí. Ẹni tó bá wo ìwé yẹn lókè á rò pé a ti ṣe àṣeyọrí, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí ò gbà á pọ̀ láàárín ìlú. Lọ́nà oko lápá Odẹ́dá lọ́hùn-ún ó tún lè jẹ́ òdìkejì, kí abẹ́rẹ́ pọ̀ ju ọmọ lọ.

Nítorí náà bàbá tó kun géètì ẹ̀ yẹn, ọmọ-ọmọ ẹ̀ ló ń fi abẹ́rẹ́ dù.

Ọmọ_Lísàbí:
Kí ẹ tó bú bàbá, ẹ má gbàgbé ibi tá a ti ń bọ̀ l'Ẹ́gbàá níbí. Ìgbà òyìnbó, tí wọ́n bá ti ń kà ẹ́, owó ló kàn. Ogun Àdùbí 1918, owó orí wà nídìí ẹ̀. Àwọn màmá wa tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí, owó orí náà ni, nígbà yẹn ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15 á san, àwọn tó ń gba owó náà a máa bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ láti fi wò ó bóyá ó ti dàgbà tó. Títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Lápá ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún ńkọ́, ogun àwọn obìnrin Aba 1929, àwọn tó ń ka èèyàn àti ẹran ọ̀sìn ló dá a sílẹ̀. Ìbẹ̀rù bàbá kì í ṣe ti òpè.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nọ́ńbà yẹn gan-an, ṣé òótọ́ ni? 1962 wọ́n kà á, wọ́n dà á nù. 1963 wọ́n tún un kà, ó di mílíọ̀nù 55 lé, ìjà ò tán. 1973 wọ́n gbé mílíọ̀nù 79 lé jáde, Murtala dé ní 1975, ó ní kò sóhun tó jọ ọ́. 1991 àwọn èèyàn ti ń sọ pé a á ju mílíọ̀nù 100 lọ, ó bọ́ sí mílíọ̀nù 88 lé. 2006 wọ́n ní a jẹ́ mílíọ̀nù 140, Kano mílíọ̀nù 9.4, Èkó mílíọ̀nù 9.1, Èkó ní irọ́ ni, àwọn ka tàwọn, ó lé ní 17. Àwa ní Ògùn 3,751,140. Torí kí ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí báyìí? Owó àti àga ni. Owó tí wọ́n ń pín fáwọn ìpínlẹ̀ láti Abuja, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń wo iye èèyàn, iye èèyàn náà ni wọ́n sì yẹ kí wọ́n fi pín àga ilé ìgbìmọ̀ aṣojú. Ta ni yóò wá fẹ́ kéré?

Tíṣà_Àdìgbẹ́:
Ọmọ_Lísàbí, o ò purọ́. Ṣùgbọ́n wo ibi tọ́rọ̀ já sí, àwọn kan ń fi ẹni tí ò sí kún tiwọn, àwa ń fi ẹni tó wà pamọ́ sí yàrá. Ta lowó máa lọ bá?

Kòmpútà_Kútọ̀:
Ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí NIN torí kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án. Ẹni tó kú lọ́dún tó kọjá, ta ló lọ sọ fún wọn kí wọ́n yọ NIN ẹ̀? Ọmọ ọwọ́ mélòó ló ní i? Káàdì ìdìbò, ọmọ ọdún 18 sókè nìyẹn. BVN, ẹni tó ní àkáǹtì ní báǹkì. Àdírẹ́sì tí mo kọ sórí NIN tèmi, mo ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́, mi ò sì yí i padà, ẹ̀yin ńkọ́? NIN lè sọ pé èmi ni mo jẹ́ èmi, kò mọ̀ pé Kútọ̀ ni mò ń gbé báyìí, kò mọ̀ pé ilé tí mo wà ìdílé mẹ́jọ ló ń lo ṣáláńgá kan. Àwọn ìlú tí àkọsílẹ̀ ìbí àti ikú wọn pé pérépéré lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ rọ́pò ìkànìyàn, Denmark àti Finland ń ṣe é. Àwa tá a máa ń sin òkú sí àgbàlá ilé láì sọ fún kánsù ńkọ́?

Táblẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tiẹ̀ ní àwọn á fi kà á ní oṣù karùn-ún 2023, bébà ò sí níbẹ̀ mọ́, ó ku ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n sún un síwájú. Gbogbo nọ́ńbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ lẹ́yìn 2006, pé a lé ní mílíọ̀nù 200, ìṣirò ni, wọn ò kà á.

Àwẹ̀ró_Aṣerò:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fún yín ṣe. Mo ka ti tíṣà àti ti nọ́ọ̀sì sétígbọ̀ọ́ màmá mi, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní tó bá jẹ́ “ta ló sùn síbí” ni wọ́n máa bi àwọn, kò burú. Ìbéèrè méjì ló kù. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ n'Ìkẹjà, Fúráìdé ló máa ń wálé, níbo ni wọ́n á ti kà á? Màmá tún ní kí n bi yín pé ṣé wọ́n á ka àbúrò mi tó wà ní Kánádà, torí àwọn ò fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ o (àwọn tí ò fẹ́ ka ọmọ tẹ́lẹ̀!).

Tíṣà_Àdìgbẹ́:
😂 Tí wọ́n bá ṣe é bíi ti 2006, ibi tó bá wà nígbà ìkànìyàn ni wọ́n á ti kà á, tó bá jẹ́ Ìkẹjà, ó di ti Èkó nìyẹn.

Ọmọ_Lísàbí:
Ẹ sọ fún un kó gba líìfù o, a ò lè fún Èkó ní ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́!

Tíṣà_Àdìgbẹ́:
Kó gbà á tó bá fẹ́, ó pọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2006, kó má ṣáà jẹ́ kí wọ́n kà á ní ibi méjèèjì. Ti Kánádà, rárá, ẹni tó wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan là ń kà. Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n fọkàn balẹ̀, àwọn Kánádà ń ka tiwọn ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tó bá ti wà lọ́hùn-ún ní 2021, wọ́n ti kà á níbẹ̀.