Ilé oko fún olùfẹ́ ọgbà: kí ni kí a kọ́kọ́ pinnu?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ kọ́ ilé ìgbàlódé sínú oko, èyí tí kò ní máa fi iná àti omi ṣòfò. Ọgbà ni a fẹ́ràn jù, nítorí náà a kò fẹ́ kọ́lé tán kí a tó máa wá ibi tí a ó gbin nǹkan sí. Ayàwòrán ilé ti ń béèrè iye yàrá. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Èsì kìíní: Ẹ kú ìmúra. Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbẹ́ ihò kéékèèké káàkiri: ibi tí erùpẹ̀ bá ti dúdú, tí ó rọ̀, tí ekòló sì pọ̀ níbẹ̀, ọgbà ló ni ín, ibi tó le tàbí tó kún fún òkúta ni kí ẹ kọ́lé sí, bí omi kò bá ti ń dárogún síbẹ̀. Kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kó erùpẹ̀ òkè, ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, sọ́tọ̀, nítorí bí ó bá ti dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ó máa ń pẹ́ púpọ̀ kí ilẹ̀ náà tó tún lọ́ràá.

Èsì kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi ni kí ó tẹ̀ lé e. Òrùlé tó gùn ní mítà 12, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, yóò gba nǹkan bí lítà 1,200 bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀, kí a tó yọ èyí tó ta dànù. Ẹ gbé táǹkì sí ibi tó ga ju ọgbà lọ, kí omi lè máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ. Ẹ bò ó kí ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀fọn má wọ̀ ọ́, kí ẹ sì darí omi àkọ́rọ̀, tó fọ eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ lórí òrùlé, gba ibòmíràn. Omi ìwẹ̀ náà wúlò fún igi eléso bí ọṣẹ rẹ̀ kò bá ní kẹ́míkà líle, ṣùgbọ́n ẹ má tọ́jú rẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, ẹ má sì bu ú sí ewébẹ̀ tí a ń jẹ ní tútù.

Èsì kẹta: Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹni tó ń ti ọgbà bọ̀, tí ẹrẹ̀ kún bàtà àti ọwọ́ rẹ̀, nílò ibi ìfọǹkan lábẹ́ òrùlé kí ó tó wọlé: ìjókòó tí yóò ti bọ́ bàtà, ìkọ́ fún irinṣẹ́, àti páìpù tí yóò gbé omi tí a fi fọ ewébẹ̀ padà sí ẹsẹ̀ ebè. Ní tèmi, ó ṣe pàtàkì ju pálọ̀ ńlá lọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gidigidi. Ọ̀nà ibo ni kí ilé kọjú sí?

Èsì kejì: Bí oko yín bá wà lágbègbè olóoru, ẹ jẹ́ kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí èyí tó kúrú kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, nítorí oòrùn àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé lábẹ́ etí òrùlé, bó ti wù kí ó gùn tó. Níbi tí òtútù bá ti ń mú, ẹ kọ fèrèsé ńláńlá sí ìhà tí oòrùn ọ̀sán ti ń ràn, kí ẹ sì gbin àwọn igi tó máa ń wọ́wé nígbà òtútù síhà ibẹ̀, kí wọ́n lè ṣíji bo ilé nígbà ooru nìkan.